Ta Ló Ń Sanwó Ìdúró?

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ìgboro, tọmọdé tàgbà ń sọ ọ́ láìwẹ̀yìn wò: pé awakọ̀ tírélà kì í ṣe ẹni tí à ń káàánú. Wọ́n ní iye tó ń pa nínú ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí Kánò, tíṣà kò rí i gbà lóṣù. Wọ́n ní ọlọ́kọ̀ ń fún un lówó ọ̀nà, ó tún ń kó èrò síwájú ọkọ̀ sápò ara rẹ̀, ó ń fa dísẹ́ẹ̀lì tà lóru, ó níyàwó n'Ílọrin, ó tún ní òmíràn ní Mọ́kwá. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá dànù, tí kọ̀ǹténà bá já lu bọ́ọ̀sì elérò, wọ́n ti dá ẹjọ́ kí ọlọ́pàá tó dé: ojúkòkòrò ni, paraga ni, ìwàǹwara ni.

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ awakọ̀ di ẹni mímọ́. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ kékeré láàárín Ìbàdàn sí Ṣàgámù lálẹ́ rí, tí tírélà méjì ń bá ara wọn sáré lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, kò ní í jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìṣirò tí gbogbo wa ń ṣe lórí owó wọn kò pé. À ń ka owó tó wọlé, a kì í ka ọjọ́ tó bá a lọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó awakọ̀ kan sàn ju ti èkejì lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe èló ni wọ́n ń san fún un. Ìbéèrè náà ni: nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ta ló ń sanwó ìdúró?

Nílẹ̀ wa, awakọ̀ ni.

Ẹ wo Àpápá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tírélà tó fẹ́ lọ gbé ẹrù tàbí tó fẹ́ dá kọ̀ǹténà òfìfo padà máa ń tò láti ẹnu èbúté títí dé Mile 2, á gun orí afárá Ìjọ́rà, nígbà mìíràn á wọ Sùúrùlérè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Àwọn awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń fi omi inú ike wẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n ń jẹ àwìn lọ́dọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ tó ti sọ etí títì di ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún 2019, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti tú ìdí sún-kẹẹrẹ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté gbé ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ jáde, Ètò ni wọ́n sọ ọ́, pé kí ọkọ̀ akẹ́rù kankan má wọ Àpápá àfi bí wọ́n bá pè é láti ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Ìtò orí afárá dín kù, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ìdúró kò tán. Apá kan rẹ̀ kàn kúrò lójú àwa onímọ́tò kékeré ni, ó wọ inú ọgbà. Nígbà tí kò sì dí wa lọ́nà mọ́, a gbà pé ó ti parí.

Nínú gbogbo ìdúró yìí, ohun kan wà tó ń dùn mí ju oorun abẹ́ ọkọ̀ lọ. Kọ̀ǹténà tó wà lẹ́yìn tírélà yẹn, páànù àti irin lásán, ó ní owó ìdúró. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ni ín ń fún ẹlẹ́rù ní ọjọ́ mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, owó á máa gorí owó lójoojúmọ́. Dẹ̀múréèjì ni àwọn ẹ́jẹ́ńtì èbúté ń pè é, bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ rẹ̀ létí wọn, ojú wọn á pọ́n. Kódà, lọ́pọ̀ ìgbà, owó ìdógò ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹténà tó jáde rárá, kó má baà di pé ẹlẹ́rù gbé e pamọ́. Ilẹ̀ tí kọ̀ǹténà jókòó lé nínú èbúté náà ní owó tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀, bí ó bá dúró kọjá àdéhùn, ẹnìkan ló ń sanwó rẹ̀. Irin ń gbowó, ilẹ̀ ń gbowó, ọkọ̀ orí omi ń gbowó. Nínú gbogbo ohun tó ń dúró ní Àpápá, ẹni tí kò lówó ìdúró ni ọmọ ènìyàn tó jókòó sídìí ọkọ̀, òun àti mọtobọ́ì rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé ó ṣòro láti ṣírò àkókò nílẹ̀ yìí. A mọ̀ ọ́n ṣírò dáadáa, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Páànù ni a yàn láti ṣírò rẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé e wò. Àpẹẹrẹ lásán ni o, mi ò sọ pé ọlọ́kọ̀ kan pàtó ló ń san án. Ká ní ₦120,000 ni ọlọ́kọ̀ ń san fún àlọ àti àbọ̀ láti Èkó sí Kánò, ìrìn tó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà ní àlọ nìkan. Bí gbogbo nǹkan bá lọ geere, tó fi ọjọ́ mẹ́fà lọ tó fi bọ̀, á lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóṣù. ₦600,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ta ni kò ní í jowú? Iye yìí ni àwọn alátakò máa ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ márùn-ún kó tó rí ẹrù gbé, kó lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà Jẹ́bà sí Mọ́kwá tí kòtò ti gbà lọ́wọ́ ọ̀dà, kó lo ọjọ́ kan sí i ní Kánò nítorí pé ẹni tó ni ẹrù kò tíì wá ṣí ilé ìkẹ́rù. Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìrìn méjì péré ló kù lóṣù: ₦240,000. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ìta ló ń jẹun, ìta ló ń wẹ̀, ó ń sanwó ilé ìyàgbẹ́. Ẹ fi ₦5,000 sí i lójúmọ́, ₦150,000 ti lọ. Ó ku ₦90,000. Ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ₦3,000 lójúmọ́. Ẹ sì rántí pé kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tọ̀sán tòru, nítorí bí wọ́n bá tú bátìrì tàbí táyà lọ, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n máa so ó mọ́. Wákàtí kan di ₦125. A ò tíì dárúkọ àwọn tó ń so okùn sójú ọ̀nà láti gbowó.

Ọkùnrin kan náà ni. Ọkọ̀ kan náà, iye owó ìrìn kan náà. Ìdúró nìkan ló sọ ₦600,000 di ₦240,000, kí ìnáwó ìta tó gé e kù sí ₦90,000, kò sì sí èyí tó jẹ́ àfọwọ́fà rẹ̀ nínú ìdúró yẹn: kì í ṣe òun ló ni èbúté, òun kọ́ ló gba kọ́ńtíráàtì ọ̀nà, òun kọ́ ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù dání. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gba alágbàro sóko, tó ní iye ebè tó bá kọ lòun máa sanwó rẹ̀, tó wá gbé ọkọ́ pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí alágbàro bá wá rí ọkọ́ gbà, ṣé ó máa fara balẹ̀ kọ ebè?

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń pariwo ìwà ti kùnà. Ẹni tí ìdúró ti jẹ ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́ lọ́wọ́, ibi kan ṣoṣo ló ti lè rí i gbà padà, ojú títì ni. Á wakọ̀ lóru tó yẹ kó sùn. Á gba ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ lọ bí wọ́n bá fi owó díẹ̀ lé e. Á fi bíréèkì tó ti ń dún sílẹ̀ di ìrìn tó ń bọ̀, torí ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá fi tú u, ọjọ́ àìjẹ ni. Paraga tí gbogbo wa ń bú yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mu ún fún fàájì. Nítorí kí ojú má baà pa dé ni. Mo mọ̀ pé ọtí kì í jẹ́ kí ojú là. Òun náà mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó tẹ ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀, èèyàn mẹ́ta kú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà, òmíràn já lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, táńkà epo gbiná nítòsí afárá Otedola, mọ́tò tó lé ní àádọ́ta jóná. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, a béèrè bóyá awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì, bóyá ó ti mutí, bóyá wọ́n de kọ̀ǹténà mọ́ ọkọ̀. Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Mi ò sì sọ pé bí wọ́n ṣe ń sanwó fún awakọ̀ ló fa ọ̀kankan nínú wọn, n kò sí níbẹ̀. Mo kàn ní kí ẹ wá ìwé ìròyìn àwọn ọjọ́ náà jáde, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti béèrè pé ìrìn mélòó ni awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ pé lóṣù kí ọmọ rẹ̀ tó jẹun.

Ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú ni ibi tí ìṣirò ìgboro yìí ti burú jù. Láàárín àwọn awakọ̀ fúnra wọn pàápàá, èrò tó lágbára ni pé owó oṣù kò níláárí, owó ìrìn ni owó. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, irú àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìyẹ̀fun, ń gba owó oṣù tó lè má tó nǹkan lójú, àti owó díẹ̀ lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń wa ọkọ̀ aládàáni á wò ó tìka-tẹ̀gbin. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lẹ́yìn owó oṣù yẹn bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń tẹ̀lé òfin. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbanisíṣẹ́ dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá mẹ́jọ. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìwé adójútòfò lórí ẹ̀mí òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀ fún ọdún kan. Òfin ọdún 2010 lórí ìjàm̀bá ẹnu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò NSITF, kí ẹni tó bá ṣèṣe tàbí ìdílé ẹni tó bá kú lè rí nǹkan gbà. Òfin òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún pẹ̀lú owó, ọjọ́ méjìlá fún àìsàn pẹ̀lú owó, ọjọ́ kan fún ìsinmi nínú méje, àti ìwé àdéhùn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ẹ mú ìwé adójútòfò yẹn nìkan. Ẹni tó ń gba ₦150,000 lóṣù, ₦1,800,000 lọ́dún. Bó bá kú, ₦5,400,000 ló yẹ kó kan ìdílé rẹ̀. Awakọ̀ owó ìrìn tó kú sí ẹsẹ̀ òkè kan nítòsí Tẹ́gínà, ẹgbẹ́ rẹ̀ á dáwó pósí. Ọlọ́kọ̀ á rán èèyàn wá gbé ẹ́ńjìnnì. Ìgbà wo la ti fi ìyẹn kún ìṣirò owó ìrìn tó ju ti tíṣà lọ? Tíṣà tí à ń fi wé e ní owó ìfẹ̀yìntì, ó ní ìsinmi, ó ń sùn sílé rẹ̀ lálaalẹ́. Mi ò sọ pé tíṣà ń jẹ̀gbádùn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tíṣà nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá máa fi èèyàn méjì wéra, ká gbé gbogbo ẹrù àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n.

Àwọn mìíràn á dá mi lóhùn pé awakọ̀ aládàáni kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ọlọ́kọ̀ tó ní tírélà méjì kò tó ẹni tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ń bá wí. Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn sì ni àlébù òfin náà, nítorí ọwọ́ irú ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù ilẹ̀ yìí wà. Ti àwọn tó ń wa ọkọ̀ àwìn, tí wọ́n ń dá owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ̀ á fi di tiwọn, tún yàtọ̀: ọlọ́kọ̀ lórúkọ, ìwọ̀fà ní ìṣe. Bí ọkọ̀ bá dúró, gbèsè kò dúró.

Ó yẹ kí n gbọ́ ti ọlọ́kọ̀ náà, torí ẹjọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Á ní owó yíyá ní báńkì ti gun òkè àjà, pé láti ọdún 2022 ni dísẹ́ẹ̀lì ti ń fi í ṣẹ̀sín, pé táyà mẹ́ta lówó bíi ilẹ̀. Á ní bí òun bá ń san owó oṣù, awakọ̀ á lọ sùn sí ibùdó tírélà Ògèrè, á ní ọkọ̀ bàjẹ́. Á ní owó ìrìn nìkan ló ń mú wọn rìn. Á tún fi ọ̀rọ̀ olè dísẹ́ẹ̀lì lé e.

Ti oorun Ògèrè kò le. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti so tírákà mọ́ ọkọ̀. Láti orí àga rẹ̀ n'Íbàdàn ló ti ń rí i pé ọkọ̀ ti dúró fún wákàtí méjì, kó tó ka ogún ó ti pe awakọ̀. Ẹ̀rọ tó lè mọ̀ pé awakọ̀ sùn sí Ògèrè lè mọ̀ pé ó dúró sẹ́nu géètì ẹlẹ́rù fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ìmọ̀ náà máa ṣe awakọ̀ níjàm̀bá nìkan ni à ń lò ó.

Ti dísẹ́ẹ̀lì ló yẹ ká sọ láìfi bọ̀. Wọ́n ń tà á. Wọ́n sì ń kó èrò sórí ẹrù, èyí tó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ẹ bi ọlọ́kọ̀ tó bá máa sòótọ́: ó mọ̀. Ó ti fi jálá mélòó kan tó máa ṣègbé sínú ìṣirò rẹ̀, ó sì ti fi owó èrò ojú ọ̀nà sínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tó fi lè pe iye kékeré fún owó ìrìn, tí awakọ̀ á sì gbà. Olè jíjà náà ti di apá kan owó iṣẹ́, láìsí ìwé, kí ó lè ṣeé fi múni nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò wá jókòó sídìí ẹmu, a óò ní awakọ̀ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ẹ sọ fún pé kó lọ wá ìyókù owó rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí lẹ rò pé á máa ṣe lójú ọ̀nà?

Ohun tí ọlọ́kọ̀ kì í sì í sọ ni pé ìdúró yìí ń jẹ òun náà. Ẹlẹ́rù kì í san nǹkan kan fún un bí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró ọjọ́ mẹ́rin sínú ọgbà ilé-iṣẹ́. Kò lè bá ẹlẹ́rù jà, torí ọlọ́kọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ti ṣetán láti gbé ẹrù náà ní owó pọ́ọ́kú. Ó wá yíjú sí ẹni tí kò lè bá òun jà.

Ní báyìí, wọ́n á ní kí n wo Amẹ́ríkà. Ìran yìí náà ti di àṣà: ọmọ wa kan tó ń wa tírélà ní Houston tàbí Dallas á sọ iye tó ń gbà lórí máìlì kan, ẹni tó wà nílé á sọ ọ́ di náírà, ẹnu gbogbo èèyàn á là sílẹ̀. Ojúlówó owó ni. Ìṣirò ìjọba wọn fi hàn pé lọ́dún 2023, ìdajì àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ńlá níbẹ̀ gba ju $54,320 lọ lọ́dún, ìdajì gba dín ní i. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀. Òfin ọdún 1938 tó fún òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ní àlékún owó lórí iṣẹ́ àṣekọjá wákàtí yọ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, ó sì yọ wọ́n sílẹ̀ títí di òní. Nígbà tí Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin ọdún 1980 tó tú ọjà ìkẹ́rù sílẹ̀ fún ìdíje, owó ìkẹ́rù wálẹ̀, agbára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ awakọ̀ náà wálẹ̀. Máìlì ni wọ́n ń ka fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ọkọ̀ bá dúró sẹ́nu ilé ìkẹ́rù, kò sí máìlì.

Ìdúró náà tún ń jẹ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn. Òfin ibẹ̀ ní awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mọ́kànlá lọ, inú wákàtí mẹ́rìnlá láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ ti wà. Bí wọ́n bá dá a dúró fún wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó já ẹrù rẹ̀, aago mẹ́rìnlá yẹn kò dúró dè é. Ó kù fún un láti sáré. Lọ́dún 2018, ọ́fíìsì alábòójútó ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìrìnnà níbẹ̀ ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé bí ìdúró lẹ́nu ilé ìkẹ́rù bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lé sí i, ìjàm̀bá tí a lè retí á fi ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ní Àpápá, ìyẹn kò tó àkókò ìkíni. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ paraga dà níbẹ̀? Ìwà awakọ̀ Kánò sí Èkó dà? Ìdúró tí kò lówó ń mú awakọ̀ sáré ní Texas bó ṣe ń mú un sáré ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀nà tó yàtọ̀ wà. Michael Belzer, tó wa tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Wayne State University ní Detroit, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé J.B. Hunt wò, ilé-iṣẹ́ ìkẹ́rù ńlá kan ní Arkansas. Lọ́dún 1997, ilé-iṣẹ́ náà fi ohun tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta lé owó awakọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ dín kù, ìjàm̀bá náà dín kù gidigidi. Kò sí ẹni tó wàásù ìwà fún wọn. Ní Yúróòpù, abala kẹwàá òfin ọdún 2006 lórí wákàtí àwọn awakọ̀ kà á léèwọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti san owó tàbí ẹ̀bùn lórí iye ọ̀nà tí wọ́n bá rìn tàbí iye ẹrù tí wọ́n bá gbé, bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá lè kó ojú títì séwu. Ẹ rántí pé kì í ṣe àánú awakọ̀ nìkan ló mú wọn ṣe òfin yìí. Ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ẹnìkan bá sì ní ti òyìnbó nìyẹn, Gúúsù Áfíríkà ní ìgbìmọ̀ ìdúnàádúrà tí agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìkẹ́rù jọ ń jókòó sí. Àdéhùn wọn ló ń sọ owó tó kéré jù, àlékún iṣẹ́ àṣekọjá, owó oorun ìta, àti owó iṣẹ́ òru.

Tiwa ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì, dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tó fẹ́ wa ọkọ̀ aképo tuntun Dangote tó ń lo gáàsì CNG, pé ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n wọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti buwọ́ lu àdéhùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, a gbọ́ nípa ẹgbẹ́, a gbọ́ nípa owó orí táńkà, a gbọ́ nípa ta ló fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ ta. Mo fara mọ́ ọn pé kí awakọ̀ wọ ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nínú ariwo náà, awakọ̀ dà bí ẹrù tí apá méjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Owó wákàtí tó ń lò ní ìdí àká epo kò di ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju orí ìwé kan lọ, wébíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà níbẹ̀, iye àpò wà níbẹ̀, orúkọ awakọ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ìlà méjì kún un: aago tí ọkọ̀ dé ẹnu géètì, aago tó jáde, kí ẹni tó wà ní géètì buwọ́ lù ú. Kí wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti ìkarùn-ún lọ, kí owó máa kà sọ́rùn ẹni tó ni géètì, ì báà jẹ́ èbúté, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun, kí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ pín in lọ́gbọọgba. Kí ọlọ́kọ̀ san owó oṣù tó dúró fún awakọ̀, kí owó ìrìn wá jẹ́ èrè orí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ti ń san irú owó yìí fún kọ̀ǹténà, àkáǹtì rẹ̀ ti wà nínú ìwé wọn.

Wọ́n á ní ọjà á gbówó lórí. Ó ti gbówó lórí tẹ́lẹ̀: tòmátò tó jẹrà láàárín Kàdúná sí Mile 12, àwa là ń sanwó rẹ̀, àti bọ́ọ̀sì tí kọ̀ǹténà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó máa wà ni pé ẹni tó fa ìdúró ni yóò kọ́kọ́ mú owó jáde. Kí ẹ sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Géètì tí wọn kì í ṣí títí di aago mẹ́wàá, wọ́n á ṣí i ní aago mẹ́fà àárọ̀. Alábòójútó ilé ìkẹ́rù tó máa ń lọ jẹun fún wákàtí méjì á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá síbẹ̀.